Ìrókò Fèrèsé Ìbíwùmí

Ẹ̀gbọ́n wa Akínpẹ̀lú, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ ti kẹ̀yìn sí Ìkéré. Ilé yín ti parí, a kàn án ní páànù, a sì kùn ún. Tèmídayọ̀ ọmọ yín ti wọ yunifásítì. Oko kòkó yín ṣì ń so.

Ọ̀rọ̀ Ìbíwùmí ìyàwó yín ló kù. Ẹ̀yin lẹ fi àyè fèrèsé ńlá sílẹ̀ fún un nínú yàrá ìránṣọ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, torí ojú rẹ̀ tó ń ṣú, kó lè máa rí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún un pé fèrèsé tó bá fẹ̀ báyẹn, igi tó nípọn ni í ru búlọ́ọ̀kù orí rẹ̀. Ẹ la ìrókò oko yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ikú ò jẹ́ kí ẹ gbé e sókè.

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àwa tí a ò bá yín ru iyẹ̀pẹ̀ rí, àwa la sáré parí ilé nígbà tí ẹ wà ní mọ́ṣúárì, torí kò yẹ kí a tẹ́ ẹni iyì sílé tí kò lórùlé. Bámijókò àbúrò yín ní pósí ọjà ò yẹ yín. Ó ní kí kafíńtà la ìrókò náà ní pákó, ó fi kan pósí yín. Gbogbo Ìkéré yìn ín. Ìbíwùmí sunkún pé igi fèrèsé òun ni, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára igi òrùlé ni wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ sórí fèrèsé, wọn ò tilẹ̀ gbé e dúró lórí etí rẹ̀ kó lè lágbára. Bámijókò ní, "Ulé á dúó."

Igi náà tẹ̀. Férémù há, gíláàsì fọ́. Lọ́dún tó kọjá, búlọ́ọ̀kù já lu ẹ̀rọ ìránṣọ Ìbíwùmí. Bámijókò ò yọjú. Ọ̀sẹ̀ yìí ló wá, torí àlejò ìrántí yín ń bọ̀. Ó ní kí bíríkìlà dí fèrèsé náà pa. Ìbíwùmí jókòó, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán.

Àwòrán yín la gbé kọ́ síbẹ̀, ó tóbi, ó sì dára. A ò gbàgbé yín, a fẹ́ràn yín. Ìbíwùmí ní ká sọ fún yín pé òun fẹ́ràn yín, pé òun ń ṣàárò yín lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òun ò rí àwòrán náà, yàrá ti ṣókùnkùn jù.