Èmi Ni Àmì Tó Dá Dúró Yẹn

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ohùn. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, torí àwọn ọmọ tí a jọ wà ní kíláàsì máa ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Oǹdó. Mo ń lọ sí Àkúrẹ́ lọ kọ́ R, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ìwádìí. Bí mo bá gbàgbé àkámọ́ kan péré, kò ní dá mi lóhùn, bí ọkọ tó ń bínú. Àmọ́ tí mo bá kọ ọ́ dáadáa, àwòrán á yọ, bí òkè tí kùrukùru ń ṣí kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a fi ọjọ́ orí wa àti wákàtí tí a fi ń sùn ya àwòrán: àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ìlà kan tó ń tẹ̀ lé àwọn àmì náà. Àmì àwọn ọmọ náà kóra jọ sójú kan. Tèmi nìkan dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, torí látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, oorun kì í pẹ́ lójú mi mọ́. Peculiar, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ní, "Mà, ẹ má bínú, àmì yín ló ń ba ìlà wa jẹ́." Ó yọ ọ́. Ìlà náà tọ́ gbọnrangandan, bí ẹni pé mi ò wọ kíláàsì yẹn rí.

Bí mọ́tò wa ṣe ń kọjá Òwènà, àmì yẹn ni mò ń rí láàárín igbó. Mo délé, mo dá a padà. Ìlà náà rọra tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, bí ọmọ tó fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyá àgbà ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì la máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé kí ìlà tọ́ ni, àbí kí n wà níbẹ̀?