Ohùn Tó Fẹ́ Gba Haleemah Lọ́wọ́ Mi

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Morákinyọ̀,
                                        Àgùdà, Súrùlérè,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 2025.

Ìyàwó wa ọ̀wọ́n, Àmínát,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú wàhálà ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣé ara rẹ le? Màámi tí o wọ̀ sí lọ́dọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ti ń rí iná lò? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Haleemah ọmọ rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ara rẹ̀ le. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí o tó ka ìyókù.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pe nọ́ńbà rẹ, kò lọ. Bó tilẹ̀ lọ, n kò mọ̀ bóyá màá gba ohun tí mo bá gbọ́ gbọ́. Oyèníran awakọ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa níṣojú rẹ̀. Bó bá dé ọwọ́ rẹ ní ṣíṣí, bi í léèrè.

Lánàá, bí Haleemah ṣe ń bọ́ aṣọ ilé ìwé rẹ̀, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni. Mo gbé e, ohùn rẹ ni mo gbọ́. Kì í ṣe pé ó jọ tìrẹ o, tìrẹ gan-an ni, títí kan ẹ̀rín kékeré tí o fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ kú ilé o, Àǹtí Kùdírátù. Fóònù mi ti bàjẹ́, ti ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ń pè yín. Ara Màámi ò yá, wọ́n láwọn fẹ́ rí Haleemah. Mo ti rán bọ̀ọ̀dá kan wá mú un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹrù ẹ̀.” Ọmọ rẹ gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ló bá fò sókè, “Mọ́mì mi ni! Mọ́mì mi ni!” Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú báàgì pẹ̀lú ìkánjú.

Bàtà ni mo ń wọ̀ fún un nígbà tí ara mi ṣàdédé kọ̀ ọ́. Kùdírátù kẹ̀? Láti ọjọ́ tí a ti gbé ọ wọ ilé Àkàngbé, ìgbà wo ni o pè mí lórúkọ lójú mi rí? Wọ́n ti bí mi kí o tó di ìyàwó ilé wa. Orúkọ tí ìwọ fúnra rẹ sọ mí ni o ń pè mí, kódà lọ́jọ́ tí a jà. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí n kò mọ ẹni tó lè kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọkùnrin tí wọ́n ní o rán náà ti dé ẹnu géètì, ó wọ aṣọ funfun nigínnigín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Mo ti géètì, mo pe nọ́ńbà yẹn padà, mo ní, “Kí lo máa ń pè mí?” Ohùn rẹ ní, “Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n máa mú un bọ̀.” Mo tún bi í. Ó pa fóònù. Ni mo bá figbe ta, mo ń pe bàbá onílé. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin yẹn ti kó sínú mọ́tò rẹ̀, ó ti sá lọ. A ti fi tó ọlọ́pàá létí, àwọn olùkọ́ Haleemah náà ti gbọ́.

Àbdùlsàmàd tó ń tún fóònù ṣe ní Pápá Àjàó ló là mí lóye. Ó ní kọ̀ǹpútà ti dé tó ń kọ́ ohùn ènìyàn. Bó bá ti gbọ́ ọ díẹ̀, ohunkóhun tí ọ̀daràn bá sọ, ohùn onítọ̀hún ni yóò fi jáde. Mo ní níbo ló ti gbọ́ tìrẹ? Ó ní ṣebí ò ń ṣe fídíò ìtọ́jú aboyún sórí Fesibúùkù. Mo lọ wò wọ́n. Àmínát, o dárúkọ ọmọ rẹ níbẹ̀! O dárúkọ àdúgbò wa, o sọ̀rọ̀ orúnkún Màámi, o ní kí gbogbo ayé bá ọ kí Àǹtí Kùdírátù tó ń bá ọ tọ́jú ọmọ. Inú bí mi sí ọ gan-an. Wọ́n ní irú ẹ̀rọ yìí ló ń bá àwọn tí àìsàn gba ohùn lẹ́nu wọn sọ̀rọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ àwọn tó ń lò ó? Àbdùlsàmàd gan-an, mo ti ń fura sí i. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí báyìí, n kì í dá a lóhùn títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà gba ohùn tèmi náà.

Ẹ̀gbọ́n mi Sùnmọ́nù, ọkọ rẹ, kò tíì gbọ́, torí ojú òkun ni wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bá mi kí Màámi, bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Salome aládùúgbò wa ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ Haleemah ló kù. Etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ohùn rẹ, ojú ara rẹ̀ ló sì fi rí mi tí mo ń ti géètì. Mo ṣàlàyé títí, ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé èmi ni n kò jẹ́ kí òun rí mọ́mì òun. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun òun láàárọ̀ yìí. Ó dùn mí wọra. Má pè, Àmínát. Má fi ohùn ránṣẹ́. Wá fúnra rẹ. Bí o bá sì dé, má tíì sọ nǹkan kan. Jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ọ́.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́ tọkàntọkàn,
                                        àbúrò ọkọ rẹ,
                                        Kùdírátù.