Èjí Tí Ẹ̀rọ Dí Lẹ́nu Àṣàkẹ́

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Missouri City níbí, lẹ́bàá Houston. Ẹ bá mi kí Bàámi, kẹ́ ẹ sì sọ fún Bùrọ̀dá Kúnlé pé mo gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí mi. Ara wa le. Oòrùn Houston ń jó bí iná ààrò; láti ẹnu ọ̀nà dé inú mọ́tò, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ni lára. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ń lọ, ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí. Tí mo bá délé, kò sí aládùúgbò tó ń kanlẹ̀kùn. Kálukú ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa.

Ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo jẹ́ kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí kì í ṣe ilé tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí fọ́tò tó ti dé adé, tí mo fi ránṣẹ́ sí yín? Wọn ò yà á bẹ́ẹ̀ o. Fún àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà wọn kó fọ́tò gbogbo wọn sínú AI, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tí ayé ń pariwo yẹn, pé kó sọ wọ́n di ọba àti olorì. Ó wọ aṣọ òfì fún wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó bó ọmọ mi láwọ̀, kó sọ imú ẹ̀ di tínínrín, kó sì dí èjí ẹ̀ pa? Èmi náà ò tètè kíyè sí i, mo ń pàtẹ́wọ́ ni. Ìgbà tí mo wo ti àwọn yòókù ni mo rí i pé gbogbo wọn ti jọra bí ọmọ ìyá kan, ìyá tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀.

Ẹ̀yin náà wá pè, ẹ ní háà, Àṣàkẹ́ ti di òyìnbó, ẹwà ẹ̀ ti wá yọ wàyí, ẹ sì ti ní kí onífọ́tò ṣe é ní ńlá kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Látìgbà yẹn, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu. Ó bi bàbá ẹ̀ pé ìgbà wo ni dókítà eyín máa dí àlàfo yẹn fóun. Bàbá ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní tí wọ́n bá dí i, ibo ni ìrẹsì á máa gbà wọlé. Ọmọ bú sẹ́kún. Mo ní ẹwà ni èjí, pé nílé, àwọn kan ń sanwó kí wọ́n lè gé e fún wọn. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, ṣebí Grandma fẹ́ràn ti inú fọ́tò.

Ẹ̀rù ń bà mí, Màámi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré! Àwa àgbà pàápàá, ta ló ń gbé ojú ara ẹ̀ gan-an síta lórí fóònù mọ́?

Mi ò bá yín jà o. Ohun tẹ́ ẹ rí lẹ yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni èjí yẹn ti wá, ẹnu tèmi ò sì ká a mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti gbé fọ́tò yẹn kọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tá a bá pè yín lórí fídíò lọ́jọ́ Sunday, ẹ má wàásù fún un. Ẹ ṣáà ki oríkì ẹ̀, kẹ́ ẹ rín ẹ̀rín yín tó máa ń dé etí méjèèjì, kí èjí yín hàn. Tó bá fọwọ́ bo ẹnu, ẹ ṣe bí ẹni tí ò rí i, ẹ máa rín in lọ. Màá jókòó tì í, màá máa wo ọwọ́ ẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá wa kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀