Nítorí Ìgbafẹ́ Ìrọ̀lẹ́ Tí Rótìmí Ò Fẹ́ Lọ Mọ́

Abà Àjàgbé,
Lọ́nà Ìdó.

Rótìmí ọmọ mi,

Èmi tí mo sùn lórí àpò ẹ̀pà nídìí rélùwéè Dùgbẹ̀, tí mo fi orí ru ẹrù títí ọrùn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà, tí ìgbóná mú tí kò rí mi pa, tí mo fi ẹsẹ̀ lásán rin Ìdó sí Ìbàdàn lójò lẹ́ẹ̀rùn, tí mo dàgbà tán kí n tó kọ́ ABD lábẹ́ àtùpà wòlíì ìjọ wa, títí mo fi ra mọ́tò akẹ́rù, tí wọ́n sì fi orúkọ mi pe odidi abà, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé àlàáfíà lo wà? Fọláṣadé ìyàwó wa ńkọ́? Ọlájùmọ̀kẹ́ ọmọ yín tó lọ sí yunifásítì ńkọ́? Ọba Mímọ́ tí kì í tòògbé á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Àwa náà ń bẹ láyọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Páànù tuntun tí mo kàn sórí ilé ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń fi ọwọ́ bojú bí wọ́n bá ń kọjá.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọ̀rọ̀ tí Sìkírátù mú bọ̀, ìyẹn obìnrin tó ń ra iṣu wa lọ sí ọjà Bódìjà. Ó ní òun pàdé Fọláṣadé, ó sì sọ fún òun pé láti ọjọ́ tí a jọ jáde yẹn, ẹ̀yin méjèèjì ò tíì jáde mọ́. Ó ní bí o bá ti ti Sẹkitéríàtì dé, iwájú tẹlifíṣọ̀n lo máa ń jókòó sí títí wọ́n á fi kọrin ìjọba tí wọ́n á sì pa á. Ó ní Jùmọ̀kẹ́ ló ń jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó sì ti lọ, ẹ wá dà bí ayálégbé méjì. Rótìmí, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo mọ̀ pé o ní èmi ni mo dójú tì ọ́ níbi ìjẹun Ring Road yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni mo ṣe? A wọlé, òkùnkùn ló kí wa. Mo ṣàánú ẹni tó ni ibẹ̀, mo mọ̀ pé owó iná ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àbẹ́là ló tàn sórí tábìlì fún àwọn àlejò. Mo fẹ́ tiwa pa kó lè rí i lò lọ́la. Wọ́n tún un tàn, mo tún fẹ́ ẹ pa. Ọmọkùnrin kan tó so nǹkan bíi labalábá dúdú mọ́ ọrùn dúró tì wá, mo pè é lọ́yà, mo ní kó jókòó kó sinmi, ó ní ẹnu iṣẹ́ lòun wà. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn, kéèyàn máa wo ẹnu ẹlẹ́nu.

Nígbà tí oúnjẹ dé, mo ṣe bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa. Mo wo gbogbo ilé yíká, mo ní ẹ wá jẹun o! Kò sẹ́ni tó dáhùn pé á gba ibi ire. Wọ́n kàn ń wò mí. Àfi bàbá onírun funfun kan tó dá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tó gbé àwo rẹ̀, tó dìde, tó sì ń bọ̀. Rótìmí, mi ò rò pé yóò wá. Wọn kì í wá! Ó ní Ọlọ́runtóyìn lorúkọ òun, tíṣà ará Èkìtì, àti pé láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, ẹnikẹ́ni ò pe òun sídìí oúnjẹ ní ìlú yìí. Fọláṣadé ló fa àga fún un. Bó ṣe ń fi ohùn Èkìtì sọ bí ọmọ iléèwé ṣe ń jí bébà ara wọn wò ni ìyàwó rẹ ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó yín. Ìwọ ń wo ilẹ̀kùn. Nínú mọ́tò o ní ọ̀gá rẹ kan wà níbẹ̀, pé ìwọ àti ìjáde ìrọ̀lẹ́ ti parí.

Mo ti ro ó. Nígbà tí mo ń ṣe alárù, obìnrin kan ń jẹun nídìí igbá rẹ̀, ó ní kí n wá jẹun bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń sọ ọ́. Ebi ti ń pa mí kú lọ, mo jókòó. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi kún un. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè dá jẹun lójú ènìyàn. Bí ìyẹn bá ń tì ọ́ lójú, ẹ lọ síbi tí mi ò sí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ.

Kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má lọ ní Sátidé, èrò á pọ̀. Lọ ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, kí o lè rí ibi gbé mọ́tò sí láìbá ẹnikẹ́ni jà. Kóòtù tó ń fún ọ níkùn yẹn, fi í sílé. Ẹni tó ń súnmọ́ àádọ́ta kì í bá ikùn jà mọ́, bùbá ni kó o wọ̀. Kí ìyàwó rẹ wọ bàtà tí kò ní gé e lẹ́sẹ̀. Má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi orin lu ènìyàn létí. Ẹ lè lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé, kẹ́ ẹ wo àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń kó àwọ̀n, kẹ́ ẹ ra ẹja yíyan. Kẹ́ ẹ tètè padà, kí ẹ̀yìn má dùn yín lọ́jọ́ kejì. Bí o ò bá mọ ohun tí wàá bá a sọ, bi í pé kí ló jẹ lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ á ti ibẹ̀ gbéra.

Fi owó díẹ̀ rán Sìkírátù fún òróró orúnkún ìyá rẹ. Kì í ṣe pé mi ò ní, èmi Àjàgbé! Ó ní èyí tí ọmọ òun bá rà ló ń ṣiṣẹ́ jù ni. Olúwa á fi ìfẹ́ kún ilé rẹ, ẹ ò ní dákẹ́ mọ́ ara yín lọ́wọ́ láéláé.

O tún máa ń sọ pé ẹ̀rù olè ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ fi ilé sílẹ̀. Ó dáa. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo máa wá sí ilé yín ní Bódìjà, mo máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ, mo máa ti ìwọ àti ìyàwó rẹ síta, mi ò sì ní ṣílẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ báà kàn án títí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjàgbé