Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Ooru Tó Pe Panápaná sí Sáúnà Mi

Petäjälahti,
Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹsàn-án.

Irmeli ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti gbà? Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní yóò dá ọ sí títí wàá fi darúgbó, tí ọmọ tìrẹ náà yóò máa fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ. Àmín. Ara mi le. Ọ̀dùnkún ti wọlé tán, ẹja ṣì ń jẹ ìwọ̀, Rauha alámùúlégbè wa sì ṣì ń wá mu kọfí mi bí ẹni pé òun ló rà á.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ, ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi ná. Ẹ̀rọ kékeré funfun tí o lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, o ní ó ń wọn ooru, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ ní Helsinki. Mo wò ó, mo ní ọmọ mi kàwé lóòótọ́, àmọ́ ó ti gbàgbé ilé. Láti kékeré mi, ara ògiri sáúnà tí a ti ń fi ooru wẹ̀, lókè àga, ni mo mọ ohun ìwọ̀n ooru sí. Ta ló ń wọn ooru pálọ̀? Bí òtútù bá mú èèyàn ní pálọ̀, kó wọ súwẹ́tà. Mi ò fẹ́ dójú tì ọ́, ni mo bá rọra yọ ọ́ ní Sátidé, mo gbé e lọ síbi tó yẹ ẹ́. Mo dáná, mo bọ́ra, mo da omi sórí òkúta gbígbóná, inú mi ń dùn pé Irmeli ń rí i bí ooru bàbá rẹ̀ ṣe dára tó.

Àṣé fóònù ń sọ fún ọ pé pálọ̀ wa ti gbóná dé ìwọ̀n mẹ́rìnlélọ́gọ́rin!

Panápaná mẹ́rin tí o pè ló já wọlé bá mi, èmi nìyí ní ìhòòhò, ìdì ewé tí mo fi ń na ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn, Jouko ọmọ Martta, pariwo pé Bàbá Oiva, níbo ni iná wà? Mo ní nínú ààrò ni, ibi tí iná máa ń wà, ooru sì ń jáde, kí wọ́n yáa wọlé tàbí kí wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n wo ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ àṣíborí, wọ́n bọ́ ṣòkòtò, wọ́n jókòó tì mí. Jouko ní láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti ń pa iná, òun ò tíì rí èyí tó dùn tó báyìí.

Ẹ̀yìn ìyẹn lo pè mí pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, o máa kó mi lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Helsinki kí yìnyín tó bọ́. Mo ní ẹ̀rọ òfófó yìí ló fẹ́ lé mi kúrò nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, mo fi ọ̀bẹ ẹja ṣí inú rẹ̀ wò. Kò ní etí, kò ní ẹnu, àfi pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé àti bátìrì róbótó bí owó ẹyọ. Mo fi ahọ́n kan bátìrì náà, ó ta mí. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́, mo yọ ọ́ sápò.

Kò pé wákàtí kan tí Rauha ti ilẹ̀kùn wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní Oiva, ọmọ rẹ ní ẹ̀rọ rẹ ò fọhùn mọ́, kí òun wá wò bóyá o ti kú, bó bá sì jẹ́ pé o ti kú, òun ló ni ọkọ̀ ojú omi rẹ yẹn o. Mo ní kó kọ́kọ́ sunkún kí n gbọ́ bó ṣe máa dún. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní arúgbó aláìníṣẹ́, Irmeli ló ń sunkún. Ó ní láràárọ̀, kí Irmeli tó mu kọfí rárá, ló ti ń wo iye yẹn, tó bá ti rí i pé ilé gbóná, ó mọ̀ pé bàbá òun ti jí, ó ti dáná.

Ọmọ mi, mi ò mọ̀. Ọlọ́pàá ni mo pè é, mi ò mọ̀ pé “ẹ kú àárọ̀” lo lẹ̀ mọ́ ògiri.

Mo wọ awò méjì lé ara wọn, mo tò ó padà, ó ti wà ní pálọ̀. Ìwọ̀n mọ́kàndínlógún tí fóònù rẹ ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ẹni tó tú u tó sì tò ó, ṣé òun ni wọ́n ń kó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣíbí bọ́ èèyàn?

Fọ́ọ̀mù ilé arúgbó tí o fi ránṣẹ́ dé lánàá, mo ti kọ ọ̀rọ̀ kún un, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Wọ́n bi mí bóyá mo lè dá wẹ̀. Mi ò purọ́: mo ní mo lè dá wẹ̀, ọmọ mi ló máa ń rán panápaná mẹ́rin wá bá mi wẹ̀. Wọ́n bi mí irú yàrá tí mo fẹ́. Mo ní èyí tó ní sáúnà onígi, tí adágún wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí Rauha sì ń bú mi lódìkejì ọgbà. Tí wọ́n bá ní irú rẹ̀, màá di ẹrù mi.

Jọ̀ọ́, fi ogún yúrò ránṣẹ́. Kọfí ti tán, o sì mọ ẹni tó mu ún, mo sì fẹ́ ra bátìrì míì pamọ́, torí mi ò fọkàn tán èyí tí mo lá. Fi owó náà sínú lẹ́tà, má fi sí báńkì, àwọn yẹn ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ wọn lọ, ihò ara ògiri tó ń pọ owó nìkan ló kù, mi ò sì mọ ihò náà rí.

Ní Sátidé, màá pè ọ́ kí n tó dáná. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àárọ̀ kan mọ́ tí wàá wo fóònù rẹ, tí wàá rí i pé ilé ti tutù. Bí ọjọ́ náà bá sì dé, kó bá ọ nílé níbí, lórí àga òkè nínú sáúnà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oiva