Péjú, Mo Ti Wo Fíìmù Rẹ

Péjú,

Tí o bá ti shift dé, ìrẹsì wà nínú fíríìjì. Má tún bu iyọ̀ sí i, mo sè é bó ṣe yẹ kí èèyàn sè é.

Mo wo fíìmù tí o ní èmi gan-an ni. Bàbá oníkanra kan ń dá gbé jẹ́jẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ọ lọ́rùn, kò pẹ́ tó fi ń sunkún kiri. Ìsọkúsọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe irú ọ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Hephzibah rẹ tún ṣe tirẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ti ń kọ́ ọ pé kó máa kúnlẹ̀ kí àgbà, torí ìwọ ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ. Ló bá lọ kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn school bus, ó ń kí dírẹ́bà, "Ẹ káàárọ̀ mà." Obìnrin yẹn rò pé ó ṣubú ni. Àwọn ọmọ yòókù ń rẹ́rìn-ín, tìẹ ò dìde, ó ní wọn ò tíì dá òun lóhùn. Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo ní, "Káàárọ̀ o, ọmọ mi, dìde." Ìgbà yẹn ló tó dìde.

Má lọ rò ó fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Obìnrin tó ń bá yín wá ilé tí ẹ máa kó lọ ní ìlú Dacula pè. Mo sọ fún un pé ẹ ò wá ilé mọ́.