Bí Alhaja Ṣe Fọwọ́ Sí Ìwé Ajá

Abúlé Ọlọ́sàn,
Lọ́nà Ìkirè.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Olúfọlákẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni ilé, báwo ni iṣẹ́ ọsibítù tí ò ń ṣe ní Ìsọlọ̀, ṣé ara àwọn aláìsàn ń yá, ṣé ìwọ náà sì ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò? Ọlọ́run tó gbé mi láti Òkè-Afá délé láìfarapa ni yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣìnà. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, irú rẹ̀ ni wọn yóò fi máa tọ́jú tìrẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ o, nítorí mo mọ̀ ọ́, o máa ń fo àdúrà kọjá láti wá ìròyìn.

Àwa nílé wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Òjò ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, Bàbá Olúbọ̀wálé aládùúgbò wa gun òkè láti kàn án, ni àkàbà bá yẹ̀, ṣùgbọ́n orí koríko ló bọ́ sí, ó kàn ń tiro díẹ̀ ni, ó sì ń sọ fún gbogbo abúlé pé nítorí mi ni.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Màmá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn ju fóònù lọ. Bí mo bá ti wọnú ọ̀rọ̀ gidi, obìnrin kan báyìí á já lu ọ̀rọ̀ mi, á ní káàdì mi ti tán, n kò sì mọ ilé rẹ̀ kí n lọ bá a rojọ́. Mo tún fẹ́ kí o rí i pé kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò já sófo. Bí o bá rí ibi tí ìlà wọ́, tábìlì ló wọ́.

Níjọ́ tí mò ń padà bọ̀ wálé, nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra ní Òṣòdì, o bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí Alhaja Nimotallahi tó ni ilé tí ẹ̀ ń gbé fi fọwọ́ sí ìwé ajá, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tó kọ̀ jálẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ni. N kò purọ́. Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ló rán, ẹni tó rán náà ló sì bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ, pé wàá sunkún, wàá sì pẹ́ kí o tó dé ibi iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú àná ló tó gbà mí láyè. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí o pè mí pé Ọ̀gbẹ́ni Albert, olùkọ́ Tẹjúmádé ọmọ rẹ, ní kí ọmọ tó ń kólòlò máa kàwé sókè lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò ní máa lé e léré, tí o sì ní ẹ̀ ń wá ajá kékeré kan tí yóò máa gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ta ló ń wá ajá? Ajá aládùúgbò á bímọ, wọ́n á ju ọ̀kan sí ọ, bí o fẹ́ bí o kọ̀. Ìgbà tí o tún wá ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó fún yín lájá, mo sọ fún Bàbá Olúbọ̀wálé pé Èkó ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Má bínú. N kò tíì rí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ajá náà nígbà yẹn ni.

Ìwọ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí èmi àti Tẹjú lọ sí ilé àwọn ajá lẹ́bàá Àgọ́ Palace. Ṣíjúadé, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ajá mọ́kànlá ló kó jọ láti ojú títì àti inú gọ́tà, ó wẹ gbogbo wọn mọ́, ó mọ èyí tí kì í jẹ ìrẹsì, ó mọ èyí tí ààrá máa ń dẹ́rù bà. Mo ní ta ló ń sanwó oṣù fún un, ó ní kò sí, iṣẹ́ aránṣọ tóun ń ṣe lòun fi ń bọ́ wọn. Ẹnu yà mí. Mo sọ fún un pé ká ní mo ní ọmọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ni, ǹ bá ti máa di ẹrù rẹ̀ lọ sílé wa.

Ajá kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì ọsibítù. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, n kò ní ẹyọ kan. Wọ́n ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ya dìgbòlugi, wọ́n sì tún fi nǹkan bíńtín kan sí abẹ́ awọ ọrùn wọn, pé bí ajá bá sọnù, ẹ̀rọ á sọ ilé tó ti wá. Mo ní a mọ ìyẹn nílé, gbẹ́rẹ́ ni. Ṣíjúadé ní kì í ṣe gbẹ́rẹ́. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ gbà pé a ti ń ṣe nǹkan ṣáájú wọn.

Nígbà tí a dé ìdí fọ́ọ̀mù, ó ní ká mú rẹfirí méjì wá. Mo ní ọmọ mi, ta ni ajá kékeré báyìí fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù? Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni Tísà Adéyanjú tó ń fọn fèrè nílé ìwé wa, ó sì ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹni tó máa jẹ́rìí sí ìwà yín ni. Mo ní kó kọ Tísà Adéyanjú náà sílẹ̀, ó mọ ìwà wa, kó fi Ọ̀gbẹ́ni Albert ṣe èkejì. Mo gbọ́ pé wọ́n pe Tísà lóòótọ́, ó sì lo ìdajì wákàtí lórí bí o ṣe gba ipò kìíní ní kíláàsì mẹ́ta tẹ̀léra.

Ẹnu ìyẹn la wà nígbà tí ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan jáde lábẹ́ tábìlì. Kò ju ológbò lọ, etí kan dúró, èkejì sùn. Ó wá gbé àgbọ̀n lé bàtà Tẹjú. Tẹjú fẹ́ bi í ní orúkọ rẹ̀, o sì mọ bó ṣe máa ń rí, kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde, ó gba àkókò. Ajá náà kò mira. Ó gbójú sókè, ó ń retí. Èmi ni mo bá ọmọ parí ọ̀rọ̀, mo ní orúkọ, orúkọ ló fẹ́ bi ọ́. Tẹjú wò mí. N kò mọ ìtumọ̀ ìwò yẹn nígbà náà.

Ṣíjúadé ní Kékeré lòun ń pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un lè sọ ọ́ ní ohun tó wù ú. Kí a tó jáde, Tẹjú ti sọ ọ́ ní Farabalẹ̀. Mo ní orúkọ ajá gidi nìyẹn, àwọn bàbá wa a máa fi orúkọ ajá pòwe bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ fún òun ni, òun fẹ́ kó di orúkọ ẹni tóun fẹ́ràn.

Ṣíjúadé ní òun yóò fi èsì ránṣẹ́ nípa íméèlì. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, mo gbé àga sẹ́nu géètì yín, mo ń retí Íméèlì. Mo tilẹ̀ bu omi tútù sílẹ̀ dè é. Kò wá. Ìwọ lo dé láti ibi iṣẹ́ tí o ní ó ti dé láti àárọ̀, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí n kò dìde kúrò níbẹ̀.

Èsì náà dára, ó ku ìwé onílé. O rántí pé Ṣíjúadé ní wọ́n ti dá ajá mẹ́ta padà fún òun nítorí onílé, òun kò ní gbé ajá fún ayálégbé mọ́ bí onílé kò bá fọwọ́ sí i. Ìdílé kan ní Èjìgbò sì ti ń béèrè Farabalẹ̀, ilé tara wọn ni wọ́n ń gbé. Ó ní òun yóò dúró dè wá di Sátidé. O bẹ Alhaja ní Ọjọ́rú, ó kọ̀. O tún bẹ̀ ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó tún kọ̀. O wọlé, o ní kí Tẹjú jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ajá. Kò sunkún. Ó kàn pa ìwé kíkà rẹ̀ dé, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwé tó pa dé yẹn dùn mí ju ẹkún lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí o ti lọ síbi iṣẹ́ tán, mo di dòdò Ìkirè tí mo gbé wá láti ilé, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Alhaja. Ọlidé ni Tẹjú wà, ó tẹ̀lé mi.

Alhaja gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó tọ́ dòdò wò, ó ní òun ti ń gbọ́ òkìkí rẹ̀ tipẹ́. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí. Mo ní ajá náà kò ju ológbò lọ, mo ní ó ní káàdì ọsibítù, mo ní ó ní rẹfirí. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní Ìyá Fọlákẹ́, ẹ má bínú sí mi. Ó ní itọ́ ajá ń ba àlùwàlá òun jẹ́, orí pèpéle ìsàlẹ̀ yẹn lòun sì ti ń ṣe é, orókùn òun kò gba pé kóun máa pààrà láti tún un ṣe. Ó ní ajá kan tún gé òun jẹ nígbà tóun wà lọ́mọdé, ó sì fi àpá rẹ̀ hàn mí lójúgun. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, kò sì fi ìgbéraga sọ ọ́. Mo ti ń fà sí etí àga láti dìde.

Ìgbà náà ni Tẹjú kúnlẹ̀. Ó lanu, ẹnu há. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́ bí mo ti máa ń ṣe, ni Alhaja bá na ọwọ́ sí mi láìwo ojú mi, irú ọwọ́ tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń retí. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata ní òdìkejì títì lọ ata ẹnìkan tán, ó bẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíràn. Alhaja kò kánjú.

Ohun tí Tẹjú sọ nìyí, mo yọ ibi tó ti há kúrò. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ mà, kò ní dé ìdí omi yín, bí mo bá ń mú un jáde, màá gbé e mọ́ra kọjá ni. Ó ní èmi ni màá máa fọ àtẹ̀gùn. Ó ní ajá yẹn nìkan ni kì í bá mi parí ọ̀rọ̀ mi.

Fọlákẹ́, mo wá ibi tí ilẹ̀ ti là kí n wọlẹ̀, n kò rí i. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti ń fọhùn ni mo ti ń bá a parí ọ̀rọ̀, mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni.

Alhaja fa Tẹjú dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó wá ní akólòlò ni ọkọ òun tó ti dolóògbé. Ó ní kó tó pe Nimotallahi tán láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná á ti dì nínú abọ́. Ó ní àwọn ará ilé rẹ̀ a máa bá a pè é, òun nìkan ni kì í bá a pè é, nítorí òun fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Ó ní láti ọdún mẹ́fà tó ti lọ, gbogbo ènìyàn ló ń sáré pe orúkọ òun. Ó ní kí Tẹjú pe òun. Ọmọ náà pè é, Alhaja Nimotallahi, ó pẹ́ kó tó pè é tán. Alhaja fi ìbòrí nu ojú, ó ní kí n mú bírò wá.

Àwọn òfin tí o rí nísàlẹ̀ ìwé náà, òun ló sọ ọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Èyí tí kò sí nínú ìwé ni pé kí Tẹjú máa wá kí òun láràárọ̀, kó sì pe òun lórúkọ pé pérépéré kó tó kí òun. Nítorí náà, jọ̀wọ́, má pariwo lé e lórí mọ́ pé ó ń pẹ́ nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú àná, Tẹjú pè mí lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ojú rẹ̀ hàn díẹ̀, ni fáànù òkè ilé yín bá dé. Mo kí fáànù náà, n kò mọ ẹni tó lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ wà nílé ìdáná, mo gbọ́ ìró abọ́. Fáànù yẹn ni mò ń wò tí ọmọ rẹ fi ka ojú ìwé kan gbáko fún Farabalẹ̀. Ó há níbi mẹ́rin. Ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ajá dákẹ́, èmi náà dákẹ́, mo di ẹnu mi mú, ọ̀rọ̀ náà sì jáde fúnra rẹ̀. Ó parí tán, mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Tẹjú ní Alhaja ni, ó ti gbé àga sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, kò sún mọ́ ajá, kò sì jìnnà. Ìgbà yẹn ni Tẹjú ní ó yá, kí n sọ fún ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Ẹsẹ̀ jígí ojú mi ti kán, òwú ni mo fi so ó láti kọ lẹ́tà yìí. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi nǹkan ránṣẹ́, kí o sì fi owó ọkọ̀ kún un, kí n lè wá nígbà tí wọ́n bá tún gba ọlidé. Má fi í sí báǹkì. Ọmọ tó wà ní báǹkì ní owó mi wà nínú ẹ̀rọ, mo fojú sí ihò ẹ̀rọ náà títí, n kò rí i. Awakọ̀ ni kí o fi rán. Dòdò Alhaja àti ti Ṣíjúadé wà nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí wá. Má fún ajá jẹ o, ata wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tó máa gbọ́ ọ dópin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ilé tí ò ń gbé kò ní lé ọ, ilé tìrẹ náà ń bọ̀ lọ́nà. Ọmọ tí o bí yóò dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ ńlá, àwọn àgbà yóò sì dákẹ́ gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́,

Àjíbíkẹ́.